Ibo ni ìmọ́lẹ̀ ti wọlé? Nípa àwọn àwòrán inú ṣọ́ọ̀ṣì Gọ́tíìkì



Ìbéèrè kan wà tí kì í yẹ̀. Lọ́dọọdún, tí mo bá ti gbé àwòrán Pieter Saenredam síwájú àwọn ọmọ kíláàsì, ẹnìkan á nawọ́ sókè: "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé baba yìí parí iṣẹ́ yìí ṣá?" Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ń rí ni inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan tó ṣófo: ògiri funfun, òpó funfun, ilẹ̀ tí wọ́n fi òkúta tẹ́, àti èèyàn méjì mẹ́ta tí wọ́n kéré bí èèrà nísàlẹ̀. Kò sí Jésù, kò sí Màríà, kò sí áńgẹ́lì kan ṣoṣo. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín, torí ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Bí èèyàn bá ya ilé, tí kò ya onílé sí i, kí ló wá yà?

Ìmọ́lẹ̀ ló yà. Ìdáhùn mi nìyẹn, àmọ́ aago kíláàsì kì í jẹ́ ká dé ìdí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni pé nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí, ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tí ayàwòrán kàn bá níbẹ̀ tó sì dà kọ. Òun ló yan ibi tí yóò gbà wọlé, bí yóò ṣe le tó, ohun tí yóò bà lé, àti ohun tí yóò fi sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ẹni tí kò bá béèrè ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, ògiri lásán ni yóò máa wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ilé náà fúnra rẹ̀. Kí àṣà Gọ́tíìkì tó dé, ògiri ló ń ru òrùlé. Òrùlé òkúta kì í ṣe ẹrù kékeré, nítorí náà ògiri gbọ́dọ̀ nípọn, fèrèsé sì gbọ́dọ̀ kéré, inú ilé á wá ṣókùnkùn. Àwọn mọlémọlé ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn ló wá ọgbọ́n sí i. Wọ́n mú kí orí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà ṣóńṣó dípò kí ó rí roboto. Wọ́n fi egungun òkúta kọ́ òrùlé, kí ẹrù lè gba ara egungun yẹn sọ̀kalẹ̀ wá sórí òpó. Wọ́n sì mọ apá òkúta síta, tó ń ti ògiri láti ẹ̀yìn kó má baà là. Nígbà tí òpó àti apá ti gba ẹrù lórí ògiri, ògiri di òmìnira. Wọ́n lè lu ú ní fèrèsé láti ìsàlẹ̀ dókè. Suger, olórí ilé àwọn mọ́ńkì ní Saint-Denis nítòsí Paris, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lo ọgbọ́n yìí délẹ̀. Ó tún ibi pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kọ́, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní 1144. Ó kọ̀wé nípa rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí jẹ́ àtẹ̀gùn tí ọkàn ń gbà gòkè lọ sọ́dọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

(Ẹni tó bá ti wọ Cathedral Church of Christ ní Marina, l'Ékòó, ti rí ọmọ-ọmọ àṣà yìí. 1925 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, 1946 ni wọ́n parí rẹ̀. Bagan Benjamin ló ya àwòrán ilé náà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún débẹ̀, ẹ má wo àwọn tó wọ aṣọ tó dára nìkan, ẹ wo orí fèrèsé.)

Ohun kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ kí a tó wo àwòrán kankan. Láyé ìgbà yẹn, ìlà-oòrùn ni wọ́n sábà máa ń kọ pẹpẹ sí. Bí o bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ẹnu ọ̀nà ńlá, tí o kọjú sí pẹpẹ, àríwá wà lọ́wọ́ òsì rẹ, gúúsù wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Nílé wa níbí, orí wa gan-an ni oòrùn máa ń gbà kọjá, kódà ní nǹkan bí oṣù karùn-ún sí oṣù keje, ó máa ń yà sí apá àríwá díẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Òjìji òpó á wá bọ́ sí gúúsù, kò sì sẹ́ni tó máa yà lẹ́nu. Ní Yúróòpù lókè lọ́hùn-ún, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún títí dé ọjọ́ ìparí, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Fèrèsé gúúsù ló ń rí ìtànṣán. Fèrèsé àríwá ń rí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run lásán, èyí tó tutù, tí kò ní ojú kan pàtó tó bà lé.

Ó dáa. Ẹ wá bá mi wo àwòrán kékeré kan tó wà ní mùsíọ́mù Gemäldegalerie ní Berlin. Jan van Eyck ló yà á, ẹni tó kú sí Bruges ní 1441. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 31, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 14, ó lè wọ inú báàgì ọwọ́. Màríà ló wà nínú rẹ̀, ó gbé ọmọ lọ́wọ́, ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀ṣì Gọ́tíìkì kan, ó sì ga débi pé adé orí rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan fèrèsé òkè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti orí gíga rẹ̀ yìí. Èmi máa ń ní kí wọ́n wo ilẹ̀. Lórí ilẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, ojú ìmọ́lẹ̀ méjì bà síbẹ̀, wọ́n mọ́ rekete bí ìgbà tí èèyàn da omi sílẹ̀. Ìtànṣán oòrùn gidi nìyẹn. Ibo ló ti wá? Ọwọ́ òsì. A kọjú sí pẹpẹ, ọwọ́ òsì sì ni àríwá. Oòrùn yìí gba ibi tí oòrùn kì í gbà wọlé.

Erwin Panofsky, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tó sá fún ìjọba Hitler lọ sí Amẹ́ríkà, ló tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù. Ó ní kì í ṣe oòrùn ayé ni van Eyck yà. Ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run ni, kò sì bìkítà fún ìlànà oòrùn wa. Láyé ìgbà yẹn, àwọn oníwàásù máa ń fi gíláàsì ṣàkàwé Màríà: bí oòrùn ṣe ń gba inú gíláàsì kọjá tí gíláàsì kò fọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe bímọ tó sì jẹ́ wúńdíá síbẹ̀. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun gan-an ni ìwàásù.

Àwọn kan ta kò ó. Wọ́n ní ayàwòrán tó bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún máa ń jókòó kí fèrèsé wà lósì rẹ̀, kí òjìji ọwọ́ rẹ̀ má baà bo iṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ láti òsì ti mọ́ wọn lára, wọn kì í tilẹ̀ rò ó mọ́. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Àmọ́ èmi ò gbà á fún van Eyck. Ẹ lọ wo iṣẹ́ ńlá tó wà ní Ghent, èyí tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Hubert ṣe, tí wọ́n parí ní 1432. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀ ti wá níbẹ̀, torí pé ọwọ́ ọ̀tún ni fèrèsé wà nínú yàrá àdúrà tí wọ́n yà á fún. Ẹni tó lè wo fèrèsé ilé kan kó tó pinnu ibi tí òjìji inú àwòrán rẹ̀ máa ṣubú sí, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àṣà ọwọ́ máa wọ́ kiri? Rárá o. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Lẹ́yìn nǹkan bí 100 ọdún ó lé, ilé náà yí padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1566, àwọn ọmọ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Flanders àti Nẹ́dálándì láti fọ́ ère. Wọ́n ní ère lòdì sí òfin Mósè. Wọ́n wó pẹpẹ, wọ́n gé orí àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, wọ́n fọ́ gíláàsì aláwọ̀ níbi púpọ̀. Ogun pẹ̀lú ọba Sípéènì tẹ̀lé e. Nígbà tí apá àríwá ilẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ wọn, wọ́n gba àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá lọ́wọ́ ìjọ Àgùdà. Ti Haarlem bọ́ sọ́wọ́ wọn ní 1578. Wọ́n fi ẹfun kun ògiri. Níbi tí gíláàsì aláwọ̀ ti fọ́, wọ́n fi gíláàsì lásán dí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ló fọ́: ti ṣọ́ọ̀ṣì Sint-Jan ní Gouda ṣì wà títí dòní, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì pàápàá sì ṣe fèrèsé aláwọ̀ tuntun sí i.

Ìpàdánù ni, kò sí àní-àní. Iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn èèyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe di àfọ́kù láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti dáná sun ère àwọn baba wa nítorí ẹ̀sìn tuntun mọ irú ìrora tí mò ń sọ. Àmọ́ ohun kan ṣẹlẹ̀ tí àwọn tó ń fọ́ nǹkan kò ṣètò fún. Ilé tí wọ́n kọ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú àwọ̀ kọjá wá di ilé tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ ní ìhòòhò. Ó ń gba fèrèsé wọlé, ó bà lé ilẹ̀, ó ta padà sára òpó bíi bọ́ọ̀lù, òpó ta á sókè sí òrùlé, òrùlé tún dà á sọ̀kalẹ̀. Níbi tí ògiri bá funfun, òjìji kì í dúdú tán. Ibi tí oòrùn kò dé pàápàá ń rí ìmọ́lẹ̀ gbà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀.

Saenredam ló rí èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n bí i sí abúlé Assendelft ní 1597, Haarlem ló gbé, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1665. Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ya inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará Antwerp bíi Hendrick van Steenwijck àti Pieter Neefs ti ń yà á ṣáájú, òpó lẹ́yìn òpó bí ọmọ ogun lórí ìlà, nígbà mìíràn lóru pẹ̀lú iná àbẹ́là. Iṣẹ́ wọn dùn ún wò. Àmọ́ púpọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn kò sí níbì kankan, ọgbọ́n orí ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ti Saenredam yàtọ̀. Ó máa ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, á jókòó, á yà á sórí ìwé, á kọ ọjọ́ sí i. Á wọn òpó, á wọn fèrèsé, bí wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Tó bá délé, á fi ìwọ̀n yẹn tún un yà pẹ̀lú rúlà, kí ohun tó jìnnà lè kéré ní ìwọ̀n tó yẹ kó kéré. Lẹ́yìn náà ló máa ń gbé e lọ sórí pákó. Ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, lè wà láàárín ìwé àkọ́kọ́ àti àwòrán tó parí.

Ẹ rí i báyìí: ọkùnrin tó bá ń ya ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ wo ló ń yà? Ti ọjọ́ tó lọ síbẹ̀ ti wọ̀ tipẹ́. Ohun tó yà ni èyí tó kó jọ sí ọkàn rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀ kò fi ní aago. O kò lè wò ó kí o sọ pé agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni tàbí mẹ́ta ọ̀sán. Ìtànṣán kì í sábà ṣubú gbàgà sílẹ̀ níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kàn kún ilé náà bí omi ṣe ń kún ìkòkò.

Ẹ wá wo funfun rẹ̀. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé nǹkan funfun báláú, tàbí pé ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Saenredam kò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ó kọ́kọ́ máa ń fi ẹfun kun pákó, lẹ́yìn náà ó fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, débi pé ẹfun ìsàlẹ̀ ṣì ń tàn láti abẹ́. Ògiri tó sún mọ́ fèrèsé ní àwọ̀ omi ẹ̀kọ. Èyí tó yí ẹ̀yìn sí i ní àwọ̀ eérú. Lábẹ́ òrùlé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ tó ta láti ilẹ̀ dé, pupa díẹ̀ wà níbẹ̀, ó tinrín débi pé bí fọ́tò tí ẹ ń wò kò bá dára, ẹ kò ní rí i rárá. Bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀, "funfun" la máa pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó wá ọ̀rọ̀ sí i sọ pé, "Prof, funfun yìí ní ọmọ púpọ̀." Èmi ò lè sọ ọ́ dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àlàyé kan wà tó gbajúmọ̀, tí n kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́. Wọ́n ní Saenredam ń ya ẹ̀sìn Pùròtẹ́sítáǹtì: ògiri mímọ́, ọkàn mímọ́, kò sí ère. Ó rọrùn láti sọ. Àmọ́ ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì Sint-Jan ní 's-Hertogenbosch tó wà ní National Gallery of Art ní Washington. Ìlú àwọn Àgùdà ni 's-Hertogenbosch. 1629 ni ogun gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní 1632 Saenredam lọ síbẹ̀, ó ya ibi pẹpẹ sórí ìwé. Àwòrán ńlá tí Abraham Bloemaert yà fún pẹpẹ náà kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà yẹn, àwọn Àgùdà ti gbé e lọ. Ní 1646 tó wá ya iṣẹ́ tó parí, ó dá àwòrán Bloemaert padà sórí pẹpẹ. Ó dá ohun tó ti lọ padà sí àyè rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé gíga ẹ̀yìn pẹpẹ tàn yí i ká. Ṣé ẹni tó ń yọ̀ pé ère lọ ló máa ṣe irú ìyẹn? Lójú tèmi, ilé ló ń gbọ́ tirẹ̀. Ilé tó bá fẹ́ ṣófo, á yà á ní òfìfo. Èyí tó bá ṣì ń dúró de ohun kan, á fún un.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó máa ń dá mi dúró jù wà ní Rijksmuseum, Amsterdam: inú ṣọ́ọ̀ṣì Assendelft, 1649. Abúlé tí wọ́n bí i sí nìyí. Ìjọ jókòó, wọ́n ń gbọ́ ìwàásù, wọ́n jìnnà, wọ́n kéré. Níwájú gan-an, níbi tí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wo àwòrán yóò gbà kọjá, òkúta ibojì wà nínú ilẹ̀, orúkọ baba rẹ̀ wà lára rẹ̀. Jan Saenredam, agbẹ́wòrán sára idẹ, kú ní 1607, Pieter kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ayàwòrán mìíràn ì bá jẹ́ kí ìtànṣán kan bọ́ sórí òkúta yẹn, kí gbogbo wa lè mọ̀ pé ó yẹ ká sunkún. Saenredam kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bà lé ògiri, tó bà lé ìjọ, òun náà ló bà lé ibojì baba rẹ̀, kò lé, kò dín. Mo ti wo àwòrán yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, àìdásí yẹn ni n kò lè gbé kúrò lọ́kàn.

Kó má baà dà bíi pé òun kì í ṣeré: ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wo apá kan ṣọ́ọ̀ṣì Buurkerk ti Utrecht tó yà ní 1644. Ọmọkùnrin kan ń ya nǹkan sára ògiri funfun yẹn, ẹnìkejì rẹ̀ ń bá ajá ṣeré. Lábẹ́ ìyàkuyà ọmọdé sára ògiri ni Saenredam kọ orúkọ ara rẹ̀ sí. Ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn kí ẹnikẹ́ni má baà rí àwòrán níbẹ̀ mọ́, ọmọdé kò jẹ́ kó sinmi.

Nísinsìnyí, ẹ gbé Emanuel de Witte sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nǹkan bí 20 ọdún ló fi kéré sí Saenredam. Alkmaar ni wọ́n bí i sí, ó gbé Delft, lẹ́yìn náà ó kó lọ sí Amsterdam. Delft ni nǹkan ti yí padà ní nǹkan bí 1650, nígbà tí Gerard Houckgeest kọ̀ láti dúró sí àárín ṣọ́ọ̀ṣì kó máa wo pẹpẹ. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo òpó lọ́nà ẹ̀gbẹ́, ibojì William ti Orange sì ń yọ láàárín wọn. Láti ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kì í tẹ̀lé ojú lọ mọ́, ńṣe ló ń dábùú ojú. De Witte gba ọgbọ́n yìí, ó sì lò ó ju ẹni tó kọ́ ọ lọ.

Nínú iṣẹ́ de Witte, aago wà. Oòrùn ń ràn, ó gba fèrèsé wọlé, ó já sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Òpó tó sún mọ́ wa máa ń dúdú, ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á mọ́lẹ̀, ojú á fò kọjá òpó dúdú náà lọ síbi tó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ilé á ṣe jìn. Àwọn èèyàn rẹ̀ kì í ṣe èèrà: obìnrin ń fún ọmọ lọ́mú, ọkùnrin méjì ń sọ̀rọ̀ ajé, ajá gbé ẹsẹ̀ sókè sára òpó, ibojì ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ tuntun lẹ́nu rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ìgbà yẹn dà bí àárín ọjà díẹ̀, kò sì fi pamọ́.

Ohun tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé de Witte, tí oòrùn rẹ̀ dà bí èyí tó lè sun èèyàn lára, ni irọ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Ó máa ń mú òpó láti ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Amsterdam, á mú fèrèsé láti òmíràn, á so wọ́n pọ̀. Ní 1668 ó ya ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà kan tí kò sí níbikíbi láyé yìí. Ó wà ní Mauritshuis ní The Hague. Ilé tí kò sí kò ní àríwá, kò ní gúúsù. Oòrùn tó wọ inú rẹ̀, de Witte ló ran án níṣẹ́. Saenredam tó fi rúlà wọn ilé gidi, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló dà bí àlá. De Witte tó hun ilé láti inú orí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ ló dà bí ti òwúrọ̀ yìí. Bí ẹ bá bi mí pé ta ló jù, Saenredam ni màá mú. Àmọ́ mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín á bá de Witte lọ, mo sì mọ ìdí rẹ̀: ó máa ń fún ojú ní ibi tó máa sinmi sí.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, nípa Utrecht. Ní 1636 Saenredam lo oṣù díẹ̀ níbẹ̀, ó ń ya àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà sórí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wọ Dom, ṣọ́ọ̀ṣì Gọ́tíìkì ńlá ti bíṣọ́ọ̀bù àtijọ́, ó ya inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ 1674, ìjì ńlá jà. Gbọ̀ngàn àárín, èyí tó so ilé ìṣọ́ gíga mọ́ ibi pẹpẹ, wó lulẹ̀. Wọn kò tún un kọ́ mọ́. Àlàpà rẹ̀ wà nílẹ̀ lé ní 100 ọdún kí wọ́n tó kó o kúrò. Lónìí, tí ẹ bá dé Utrecht, ẹ ó rí ilé ìṣọ́ náà lọ́tọ̀, ibi pẹpẹ lọ́tọ̀, gbàgede sì wà láàárín wọn, níbi tí oòrùn ti ń bọ́ sórí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá.

Àwọn tó bá fẹ́ mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa ń wọ gbọ̀ngàn yẹn nígbà tó ṣì ní òrùlé, ìwé tí Saenredam yà lọ́dún 1636 ni kí wọ́n lọ wò. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti Domkerk sí Google, ẹ fà á kó tóbi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn fèrèsé òkè, kí ẹ sì máa tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ náà sọ̀kalẹ̀ lára òpó títí dé ilẹ̀.